Nọ́ńbà 9 Tó Dá Ihò sí Písítìnì: Àkọsílẹ̀ Pulọ́ọ̀gì Kan ní Pápá Káàtì

Ní ọjọ́ Sátidé kan ní ìparí oṣù Kẹta, ní pápá ìsáré káàtì (mọ́tò kékeré tí wọ́n fi ń díje) ti Lydd ní gúúsù Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ́ńjìnnì tí ọmọ àbúrò mi obìnrin fi ń sáré dá ihò sí orí písítìnì rẹ̀. Kò tíì pẹ́ tó wọ pápá. Epo inú táńkì mọ́, ọ́ìlì tí wọ́n pò mọ́ ọn pé, omi ń yí dáadáa nínú rédíétọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n pààrọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, pulọ́ọ̀gì ni, ohun kékeré tó ń ju iná láti tan epo nínú sílíńdà. Èyí tí wọ́n yọ ní nọ́ńbà 9 lára, èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ náà ní nọ́ńbà 9 lára. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́ nítorí pé owó tó bá a lọ kì í ṣe kékeré, àti nítorí pé pulọ́ọ̀gì bẹ́ẹ̀ ṣì wà lórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń dúró de ẹlòmíràn.

IAME X30 ni ẹ́ńjìnnì náà. Ará Ìtálì ló ń ṣe é: 125cc, sílíńdà kan, tùú-sítíróòkì, omi ló ń tù ú. Kábúrétọ̀ Tillotson ló wà lára rẹ̀, èyí tó ní sìkúrù méjì, L fún ìgbà tí ẹsẹ̀ bá fúyẹ́ lórí epo, H fún ìgbà tí awakọ̀ bá tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀. Ó lè yí kọjá ìgbà 15,000 ní ìṣẹ́jú kan. Nínú tùú-sítíróòkì, gbogbo ìgbà tí kíránkì, ọ̀pá tí písítìnì ń yí, bá yí lẹ́ẹ̀kan ni pulọ́ọ̀gì ń ju iná, kò sí ìyíká kan tó fi ń sinmi bíi ti mọ́tò wa. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ní 15,000, ó ń ju iná nígbà 250 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Ọ́ìlì tí a pò mọ́ epo sì ń gba iwájú rẹ̀ kọjá ní gbogbo ìgbà náà. Ooru ń jẹ ẹ́ ní ọwọ́ kan, ìdọ̀tí ń bò ó ní ọwọ́ kejì. Ìdí nìyẹn tí yíyan pulọ́ọ̀gì fi le níbí ju ibòmíràn lọ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Òtútù mú gan-an láàárọ̀ ọjọ́ náà, afẹ́fẹ́ òkun sì ń fẹ́ gba orí pápá náà kọjá, torí pé ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, kò sí igi tó lè dènà rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kò fẹ́ gbéra. Ọmọ náà fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹnu àpótí afẹ́fẹ́ kí epo lè fà wọlé, ó tẹ sítátà, ó tún dí i, ó tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n yóò fi yọ pulọ́ọ̀gì, BR9EG ti ilé iṣẹ́ NGK, epo àti ọ́ìlì ti rin ín gbingbin. Èyí tó wà nínú àpótí irinṣẹ́ náà ti gbó, kò ju iná mọ́. Ni bàbá ọmọ, ìyẹn àna mi, bá wa mọ́tò lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko. Ó fi èyí tó rin han ẹni tó wà ní káńtà, ó ní òun fẹ́ 9, kí ó gùn báyìí, kí sípánà kan náà wọ̀ ọ́. Wọ́n fún un ní RN9YC ti ilé iṣẹ́ Champion.

Ó wọ̀ ọ́ lóòótọ́. Tìrẹ́ẹ̀dì àwọn méjèèjì jẹ́ mílímítà 14, gígùn tìrẹ́ẹ̀dì náà jẹ́ mílímítà 19, orí tí sípánà ń dì mú kò sì yàtọ̀. Àwọn méjèèjì ní résísítọ̀ nínú, tí kì í jẹ́ kí iná pulọ́ọ̀gì da wáyà àti aago ojú káàtì láàmú. Ojú lásán kò lè rí ohun tó kù.

Ẹ́ńjìnnì náà gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí ló mú inú gbogbo wọn dùn, òun náà ló sì yẹ kó kọ́kọ́ fu ẹni tó mọ̀ ọ́n lára: pulọ́ọ̀gì tó gbóná jù fún ẹ́ńjìnnì kì í pẹ́ jó ìdọ̀tí orí rẹ̀ dànù, nítorí náà ó máa ń rọrùn láti gbé nínú òtútù. Ìyíká àkọ́kọ́ dára, èyí tó tẹ̀ lé e dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aago MyChron tó wà lójú káàtì fi hàn pé omi kò ju 50 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìyẹn sì wà níbi tó yẹ kó wà. Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà ní ó dà bí ẹni pé nǹkan kan ń fà á sẹ́yìn ní ìparí ọ̀nà gbọọrọ. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo láti dá ìrìn dúró ní kọ́nà, ẹ́ńjìnnì kò sì fetí sí i lójú ẹsẹ̀, ó ṣì ń tì í lọ fún ìgbà díẹ̀. Ó tún tẹ epo jáde láti kọ́nà. Kò tíì dé àárín ọ̀nà tó kàn tí ohùn rẹ̀ fi yí padà, tó sì kú.

Ọ̀sán ni mo dé ibẹ̀. Àwọn tó ti pé jọ yí káàtì ká ti dá ẹjọ́ náà tán: epo kò tó, afẹ́fẹ́ pọ̀ jù. Mi ò bá wọn jiyàn, nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Afẹ́fẹ́ tútù ṣù ju afẹ́fẹ́ gbígbóná lọ, nítorí náà bí òtútù bá mú, ẹ́ńjìnnì ń fa afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i wọlé, sìkúrù H sì gbọ́dọ̀ ṣí díẹ̀ sí i kí epo lè bá a dọ́gba. Ẹni tí kò bá ṣí i, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yóò gbóná jù lójú òtútù. Ọ̀pọ̀ písítìnì ni ìyẹn ti pa. Àmọ́ àna mi ní òun ti ṣí H láti àárọ̀ kí ọmọ tó jáde, ó sì fi bí ó ṣe ṣí i tó hàn mí. Ó tọ́.

A tú hẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ìdérí orí sílíńdà, níbẹ̀. Ihò wà ní àárín gbùngbùn orí písítìnì, ní ìsàlẹ̀ ibi tí pulọ́ọ̀gì dorí kọ. Etí ihò náà yọ́, ó sì dán. Ohun tí mo ń wò gan-an ni ibi tí kò bàjẹ́. Bí epo bá kéré jù títí tí ẹ́ńjìnnì fi gbóná kọjá ààlà, ara písítìnì sábà máa ń họ, pàápàá ní ìhà ibi tí èéfín ń gbà jáde, nítorí ibẹ̀ ló gbóná jù. Etí orí rẹ̀ ní ìhà yẹn náà a máa yọ́. Bí ó bá jẹ́ pé epo ń bú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí pulọ́ọ̀gì ti ju iná, èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní nọ́kì, etí písítìnì káàkiri ló máa ń ní àwọn ihò wẹ́wẹ́ bí ẹni fi ìṣó lù ú. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn àmì wọ̀nyí. Ara písítìnì mọ́, etí rẹ̀ mọ́, ìhà ibi tí èéfín ń gbà jáde ṣì ní àwọ̀ ọ́ìlì tó yẹ kó ní. Àárín nìkan ló yọ́.

Ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀ bí iná bá ti tàn nínú sílíńdà kí pulọ́ọ̀gì tó jù ú. Nǹkan kan nínú rẹ̀ ti pọ́n, ó sì ń tan epo fúnra rẹ̀ nígbà tí písítìnì ṣì ń gòkè bọ̀. Písítìnì ń gun òkè, iná ń tì í wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ ooru tó yẹ kó di agbára ni orí písítìnì ń gbà sára. Álúmíníọ̀mù ń yọ́ ní nǹkan bí 660 lórí òṣùwọ̀n Celsius, iná inú sílíńdà sì gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa; bí písítìnì ṣe ń tètè gbé ooru kúrò lára ni kò jẹ́ kó yọ́ lójoojúmọ́. Bí iná bá tètè tàn ju bó ṣe yẹ lọ, ooru náà pọ̀ ju ohun tó lè gbé kúrò. Kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyí náà ló fà á tí ẹ́ńjìnnì fi ń tì í lọ nígbà tí ọmọ gbé ẹsẹ̀ kúrò: iná ti ní ibòmíràn tó ti ń tàn.

Síbẹ̀, mi ò fẹ́ dá ẹjọ́ láìwádìí. Bí ilé kíránkì bá ń fa afẹ́fẹ́ láti ibi tí gásíkẹ́ẹ̀tì tàbí ọ́ìlì síìlì ti jẹ, gbogbo ohun tí a bá sọ nípa H kò ní ìtumọ̀. Ní ilé, a dí ẹnu kábúrétọ̀ àti ti sàlẹ́ńsà, a fi ìwé rọ́bà dí orí sílíńdà, a fi fáǹpù kékeré kan rọ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, a sì wo gééjì. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró síbi tí a fi í sí. A tú kábúrétọ̀, a dán ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó ń ṣí abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ wò, ó wà níbi tó ti máa ń wà. A da epo tó kù sínú ìgò, a wo àwọ̀ rẹ̀, a gbóòórùn rẹ̀, ọ́ìlì wà nínú rẹ̀ bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni mo tó mú pulọ́ọ̀gì náà sábẹ́ iná, pẹ̀lú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá.

Irin tó tẹ̀ sórí rẹ̀ ti jẹ ní orí, kò ku ju ìdajì lọ. Tánganran àárín rẹ̀ funfun bí ẹfun, ojú rẹ̀ ti lé ròrò, àwọn bọ́ọ̀lù álúmíníọ̀mù kéékèèké tó yọ́ láti ara písítìnì sì lẹ̀ mọ́ ọn. Mo yí i, mo ka ara rẹ̀. RN9YC.

Ibi tí ọ̀rọ̀ gbé wà nìyẹn. Iṣẹ́ pulọ́ọ̀gì kì í ṣe láti dá ooru sílẹ̀. Kò mú iná sílíńdà gbóná sí i, kò sì mú un tutù. Ohun tí ìpele ooru rẹ̀ ń sọ ni bó ṣe ń yára tó láti gbé ooru kúrò ní orí ara rẹ̀ lọ sínú hẹ́ẹ̀dì, tí omi yóò fi gbé e lọ. Inú pulọ́ọ̀gì ni a ti ń rí i: tánganran tó bo irin àárín ní imú tó yọ síwájú láìfara kan irin ìta. Bí imú náà bá gùn, ọ̀nà tí ooru yóò rìn kó tó dé ara irin jìnnà, orí rẹ̀ yóò sì gbóná. Ìyẹn ni pulọ́ọ̀gì gbígbóná. Bí ó bá kúrú, ooru tètè jáde. Ìyẹn ni pulọ́ọ̀gì tútù. Alágbẹ̀dẹ tó bá fi ọ̀pá irin kúkúrú sínú iná mọ bí ooru ṣe ń tètè dé ọwọ́ rẹ̀ ju ti ọ̀pá gígùn lọ.

Orí pulọ́ọ̀gì ní ibi méjì tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Bí kò bá gbóná tó nǹkan bí 450 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kò lè jó ìdọ̀tí àti ọ́ìlì tó ń bà lé e. Yóò dúdú, yóò rin, iná yóò máa gba orí ìdọ̀tí náà lọ dípò kó fò láàárín irin méjèèjì. Bí ó bá kọjá nǹkan bí 850, òun fúnra rẹ̀ á pọ́n, á sì máa tan epo. Àárín méjèèjì ni gbogbo iṣẹ́ yíyàn wà. NGK ní ìpele kan sí èkejì lè yí ooru orí pulọ́ọ̀gì padà ní 70 sí 100. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Nọ́ńbà ara rẹ̀ wá ńkọ́? Ní NGK, bí nọ́ńbà bá ń tóbi ni pulọ́ọ̀gì ń tutù sí i: 10 tutù ju 9 lọ, 9 tutù ju 6 lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni Denso, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà tiwọn yàtọ̀: 27 wọn dọ́gba pẹ̀lú 9 ti NGK, 31 wọn dọ́gba pẹ̀lú 10. Ṣùgbọ́n ní Champion, bí nọ́ńbà bá ń tóbi ni pulọ́ọ̀gì ń gbóná sí i. Bosch náà ń lọ lọ́nà yẹn lónìí, àmọ́ láyé àtijọ́, nígbà tí nọ́ńbà tiwọn ṣì jẹ́ oní-ẹyọ mẹ́ta, W225 tutù ju W145 lọ. Ilé iṣẹ́ kan náà ló yí i padà. Ẹni tó bá mọ ti ilé iṣẹ́ kan kò tíì mọ ti èkejì. Mo ti rí i kí àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí gan-an ṣì máa ń ṣí ìwé ìfidọ́gba kí wọ́n tó fi ti ilé iṣẹ́ kan rọ́pò ti òmíràn, mo sì gbà pé wọ́n jàre.

Nínú ìwé ìfidọ́gba bẹ́ẹ̀, RN9YC dọ́gba pẹ̀lú BPR6ES ti NGK. Ìpele mẹ́ta gbáko ló fi gbóná ju BR9EG tí wọ́n yọ lọ. Ká ní orí BR9EG wà ní 700 nígbà tí ọmọ bá tẹ epo dé ilẹ̀ ní Lydd. Ìpele mẹ́ta yóò fi 210 lé e, ó kéré tán. Bí ó bá pọ̀, 300. A ti wà láàárín 910 sí 1,000. Kò sí bí yóò ṣe ṣe é tí kò ní pọ́n. Kò sì tán síbẹ̀. Lẹ́tà Y tó wà lára rẹ̀ túmọ̀ sí pé imú tánganran náà yọ jáde kọjá ẹnu irin, ó wọ àárín iná. NGK ń fi P sọ ti wọn. Imú BR9EG kò yọ jáde bẹ́ẹ̀. Imú tó yọ jáde wúlò gan-an nínú ẹ́ńjìnnì tí kì í sáré púpọ̀, nítorí pé ó máa ń tètè gbóná, epo tútù tó ń wọlé sì máa ń tù ú. Nínú ẹ́ńjìnnì eré ìje, ó fi orí pulọ́ọ̀gì síbi tí kò yẹ kó wà, àwọn hẹ́ẹ̀dì kan sì wà tí písítìnì yóò tilẹ̀ kàn án.

Àna mi bínú. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ayédèrú ni wọ́n tà fún mi, mo máa dá a padà." Mo ní kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé kì í ṣe ayédèrú. RN9YC jẹ́ pulọ́ọ̀gì tó dára. Honda GX160, ẹ́ńjìnnì tó wà lára jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ ìfami tí gbogbo wa mọ̀ nílé, BPR6ES ni ìwé rẹ̀ ní kí wọ́n fi sí i. Ó ń yí ní nǹkan bí 3,600, epo rẹ̀ kò ní ọ́ìlì nínú, ìyíká méjì ni ó fi ń jó epo lẹ́ẹ̀kan. Pulọ́ọ̀gì tútù bíi BR9EG nínú GX160 yóò dúdú, yóò sì máa dákú. Ẹni tó wà ní káńtà fún un ní ohun tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń rà lójoojúmọ́. Kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé irú ẹ́ńjìnnì wo ni. Ó tún yẹ kí n sọ pé Champion fúnra wọn ya nọ́ńbà 51 sí 75 sọ́tọ̀ fún pulọ́ọ̀gì eré ìje. Bí àna mi bá rí nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ni, ìbá ti béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà tó jọ èyí tó mọ̀ ló tàn án.

Àwọn kan ní ibùdó wá fún wa ní ìmọ̀ràn kan tí mo fẹ́ dá dúró lé lórí, torí pé ó gbajúmọ̀: kí a máa fi 10 tàbí 11 sí i nígbà gbogbo, pé èyí tó tutù jù kò lè pa ẹ́ńjìnnì. Òótọ́ wà níbẹ̀. Bí èèyàn kò bá dá a lójú, kó yan èyí tó tutù. Ẹ́ńjìnnì tó ń dákú nítorí pulọ́ọ̀gì tútù yóò kàn pàdánù eré ọjọ́ náà ni; èyí tí pulọ́ọ̀gì rẹ̀ gbóná jù yóò pàdánù písítìnì. Àmọ́ ohun tó ń tẹ̀ lé ìmọ̀ràn náà ni mi ò fẹ́. Pulọ́ọ̀gì tó tutù jù máa ń dúdú, awakọ̀ yóò sì rò pé epo ló pọ̀ jù, yóò ti H pa díẹ̀. Yóò tún dúdú, yóò tún tì í pa. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe dín epo kù títí tí písítìnì yóò fi gbóná lábẹ́ pulọ́ọ̀gì tó ń pa irọ́ fún un. Mo ti rí ẹ́ńjìnnì tó bàjẹ́ lọ́nà yẹn. Lójú tèmi, a kò gbọ́dọ̀ fi pulọ́ọ̀gì wo àìsàn kábúrétọ̀, a kò sì gbọ́dọ̀ fi kábúrétọ̀ wo àìsàn pulọ́ọ̀gì. Ká kọ́kọ́ mú epo tọ́ pẹ̀lú pulọ́ọ̀gì tó wà láàbò, ká tó wá wádìí ìpele ooru.

Bákan náà, BR9EG tó rin láàárọ̀ ọjọ́ náà kò rin nítorí pé ó tutù jù. Ọwọ́ tí ọmọ fi ń dí ẹnu àpótí afẹ́fẹ́ ló kún un ní epo. Mo ní kí ó máa dí i fún ìgbà kúkúrú, kó wò ó bí epo ṣe ń gòkè nínú páìpù títí tó fi dé kábúrétọ̀, kó sì gbé ọwọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀. Kò tún kún mọ́ láti ìgbà náà.

Àtúnṣe náà gba àkókò. Inú sílíńdà X30 jẹ́ irin, nítorí náà wọ́n lè gbẹ́ ẹ tóbi díẹ̀, kí wọ́n sì fi písítìnì tó bá a mu sí i. Ilé kíránkì ló na wá lówó jù. Álúmíníọ̀mù tó yọ́ gba ihò yẹn bọ́ sí ìsàlẹ̀, kò sì sí bẹ́arìn tó lè gba ìyẹn. A tú gbogbo rẹ̀, a fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, a sì pààrọ̀ gbogbo bẹ́arìn, èyí tó dára lójú àti èyí tí kò dára.

Nígbà tí a padà sí Lydd, BR10EG tuntun la fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé písítìnì tuntun ṣì ń bá sílíńdà mọ ara wọn, ìpele kan sí ìhà òtútù kò lè ṣe é ní nǹkan. Lẹ́yìn tí ọmọ ti fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wa á gbóná, a fi H sí ìhà tí epo pọ̀ díẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Kíka pulọ́ọ̀gì ní ọ̀nà tirẹ̀. Epo tí kò ní òjé tí à ń lò lónìí kì í fi àwọ̀ púpọ̀ sílẹ̀, nítorí náà ẹni tó kàn yọ pulọ́ọ̀gì lẹ́yìn tó ti wa káàtì wọlé jẹ́jẹ́, ìròyìn ìwọlé jẹ́jẹ́ náà ló ń kà, kò rí ti ọ̀nà gbọọrọ rárá. Pulọ́ọ̀gì tuntun ni kí èèyàn fi sí i. Kí awakọ̀ tẹ epo dé ilẹ̀ ní ọ̀nà gbọọrọ, kó pa ẹ́ńjìnnì ní ìparí rẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì wà lórí epo, kó jẹ́ kí káàtì fi ìyára tó kù yí wọ ibi ìtúnṣe. Níbẹ̀ ni kí wọ́n ti yọ ọ́. Ní pápá tí àwọn ẹlòmíràn wà lójú ọ̀nà, ìparí àkókò ìdánrawò ni kí wọ́n ti ṣe é, kí awakọ̀ sì gbé ọwọ́ sókè kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè mọ̀ pé ó ń dúró.

Mo ń wo ibi méjì. Àkọ́kọ́ ni ìsàlẹ̀ tánganran, níbi tó jìn jù nínú ihò ìta. Ibẹ̀ tutù, ìdọ̀tí kì í jó kúrò níbẹ̀, nítorí náà òun ló ń sọ ti epo. Òrùka èéfín tó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí ìsàlẹ̀ náà ká ni mò ń wá. Bí kò bá sí rárá, epo kéré. Bí ó bá nípọn tó sì ń gòkè lọ sí orí, epo pọ̀. Ibì kejì ni irin tó tẹ̀. Ooru ń fi àmì sílẹ̀ lára rẹ̀, ibi tí àwọ̀ irin ti yí padà bí ẹni fa ìlà. Bí ìlà náà bá wà nítòsí orí irin, pulọ́ọ̀gì tutù jù. Bí ó bá ti sún dé ìdí, níbi tí wọ́n ti jó o mọ́ tìrẹ́ẹ̀dì, ó gbóná jù. Ní àárín, níbi tí irin ti tẹ̀, ni mo fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn èyí ni mo tó ń wo orí tánganran: bí àwọn ẹyọ dúdú wẹ́wẹ́ bí ata dúdú tí wọ́n lọ̀ tàbí bọ́ọ̀lù álúmíníọ̀mù bá wà lórí rẹ̀, a kì í tún ẹ́ńjìnnì yẹn gbé lọ́jọ́ náà títí a ó fi mọ ìdí.

Ní ọjọ́ náà, òtútù ṣì wà. A tún H ṣe títí òrùka ìsàlẹ̀ fi rí bí mo ṣe fẹ́, ìlà tó wà lára irin sì wà nítòsí orí rẹ̀, tánganran dúdú díẹ̀. A kò fọwọ́ kan H mọ́. A fi BR9EG tuntun sí i. Òrùka ìsàlẹ̀ kò yí padà, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn, nítorí epo kò yí padà. Ìlà ara irin sún dé ibi tó ti tẹ̀. Bàbá ọmọ wò ó nínú awò fún ìgbà pípẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ohun tí ẹ ń wò nìyí láti àárọ̀?" Mo ní òun ni.

Ìkìlọ̀ kan tí mo máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń ka pulọ́ọ̀gì: ẹ dè é bó ṣe yẹ. Ọ̀pọ̀ jù lọ ooru ń gba tìrẹ́ẹ̀dì àti wọ́ṣà kọjá lọ sínú hẹ́ẹ̀dì. Pulọ́ọ̀gì tí kò le dáadáa kò lè gbé ooru kúrò, 9 yóò sì máa hùwà bíi 7 tàbí 6. Fún pulọ́ọ̀gì mílímítà 14 tó ní wọ́ṣà nínú hẹ́ẹ̀dì álúmíníọ̀mù, 25 sí 30 Nm (òṣùwọ̀n agbára tí a fi ń dè é) ni NGK ní ká dè é. Ẹni tí kò bá ní sípánà tó ń ka ìwọ̀n, kó fi ọwọ́ dè é títí yóò fi dúró, lẹ́yìn náà kó fi sípánà yí i ní ìdajì ìyíká sí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ìyẹn jẹ́ fún wọ́ṣà tuntun. Èyí tó ti tẹ̀ rí kò nílò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe fi wọ́ṣà méjì sí i.

Ní oṣù Keje, ní pápá kan náà, nígbà tí oòrùn mú ilẹ̀ gbóná, 9 yẹn kan náà fa ìlà ara irin kọjá ibi tó ti tẹ̀, ó ń sún sí ìdí. Òrùka epo ṣì dára. A padà sí BR10EG, ìlà náà sì padà sí àárín. Ọmọ náà ló kà á fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó wá fi hàn mí, ó ní, "Ẹ wò ó, sà, ibí ló wà báyìí." Ó ti ní ìwé kékeré kan tó ń kọ ọ́ sí: ọjọ́, bí ojú ọjọ́ ṣe gbóná tó, bí H ṣe ṣí tó, nọ́ńbà pulọ́ọ̀gì pẹ̀lú orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, àti ibi tí ìlà dé. Àna mi ra BR9EG àti BR10EG páálí kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì wà nínú àpótí irinṣẹ́ wọn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń lọ pápá. RN9YC kejì tó rà lọ́jọ́ náà, èyí tí a kò lò, wà lára ẹ̀rọ ìgékoríko wọn nísinsìnyí, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa.